Ìró tó ń kùn lábẹ́ ọkọ̀ mi: àkọsílẹ̀ bí a ṣe wá orísun rẹ̀ rí ní Abẹ́òkúta

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró náà. Mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ mi ní Ìbarà, mo forí lé ilé wa ní Ọbáńtókò, mo sì ti pa rédíò nítorí pé ọmọ mi kékeré ti sùn lọ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, nígbà tí ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bí oyin tí wọ́n sé mọ́ inú kèrègbè. Bí mo bá ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ Màrúwá, n kò ní í gbọ́ ohunkóhun. Bí aago ìsáré bá ti kọjá 40 kìlómítà ní wákàtí kan ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dé 60, ohùn rẹ̀ yóò ga bí ẹni tó ń fi imú kọrin, bí mo bá sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, yóò máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú.

Toyota Corolla ti ọdún 2005 ni ọkọ̀ náà. Ọ́tò ni gíà rẹ̀, táyà tó sì ń lò ni 195/65R15. Mo rà á ní tòkúnbọ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kò sì tíì fún mi ní ìyọnu kan tó le. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dá ìró náà bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tan rédíò sókè ni, mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù Kọkànlá, kò sí rédíò tó lè bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé mo náwó sí ohun tí kò tọ́ kí n tó náwó sí èyí tó tọ́, àti pé ẹnu èmi fúnra mi ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá nìyí: “Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ mi ń kùn, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí mo bá yí sítíárìn.” Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. N kò sọ fún un pé orí eré nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ, òun náà kò sì béèrè. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n dáná sí ọkọ̀, ó wo ike tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sítíárìn sí, ó sì rí i pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ ju àmì tó kéré jù lọ. Ó wá yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì níbi tí ọkọ̀ dúró sí. Nǹkan kan kùn lóòótọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Àǹtí, pọ́ǹpù sítíárìn ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò le.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, nítorí pé àwọn kan tí mo sọ ìtàn yìí fún ti yára pè é ní gbájú-ẹ̀, n kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbọ́ kì í ṣe irọ́. Pọ́ǹpù sítíárìn a máa fa ọ́ìlì pupa kan, a sì máa tì í pẹ̀lú agbára láti ran ọwọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Bí ọ́ìlì bá dínkù, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù yóò máa fà mọ́ ọn, ìgbà náà ni yóò sì máa ké, pàápàá bí wọ́n bá yí sítíárìn dé òpin, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti wúwo jù. Ó rọ ọ́ìlì sí i, igbe tí ọkọ̀ ń ké ní ìdúró sì dínkù kíá. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo sì wakọ̀ lọ. Kí n tó dé Àsẹ̀rò, tèmi ti tún bẹ̀rẹ̀: wùùùn.

Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì. Ó ní pọ́ǹpù náà ti rẹ̀ ni, pé afẹ́fẹ́ tó ti fà láti ọjọ́ yìí ti jẹ inú rẹ̀. A ra tòkúnbọ̀ mìíràn ní ₦48,000, ó sì gba ₦8,000 owó iṣẹ́. Sítíárìn wá fúyẹ́ bíi ti ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ìró tó gbé mi wá síbẹ̀ kò yí padà rárá. Ó ní kí n máa wà á lọ, pé wọ́n máa bá ara wọn mu tó bá yá. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé tí mo fi jókòó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí mi ò lóye ohun tí pọ́ǹpù tuntun àti ọkọ̀ àtijọ́ ní láti bá ara wọn mu lé lórí.

Ohun tó wá yé mi lálẹ́ ọjọ́ náà rọrùn débi pé ojú tì mí. Pọ́ǹpù sítíárìn kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń rìn tàbí ó dúró. Bẹ́ẹ̀tì ló ń yí i, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí bẹ́ẹ̀tì. Bákan náà ni ẹ̀rọ tó ń ṣaájì bátìrì, ẹ̀rọ tó ń ti omi káàkiri inú ẹ́ńjìnnì, àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ éèsì. Gbogbo wọn, ẹ́ńjìnnì ni ọ̀gá wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń kùn, ó yẹ kó kùn fún mi ní iwájú ilé, bí mo bá tẹ iná nígbà tí ọkọ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n táyà, bẹ́árìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ (òrùka irin tó ní bọ́ọ̀lù kéékèèké nínú, tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa yí wẹ́rẹ́) àti ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń gbé agbára láti gíà dé ẹsẹ̀), ojú ọ̀nà ni ọ̀gá tiwọn. Wọn kì í yí àfi bí ọkọ̀ bá ń rìn, bí ọkọ̀ bá sì ṣe ń sáré sí ni wọ́n ṣe ń yára yí sí. Gíà wà láàárín, ó ń sin ọ̀gá méjì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀gá tí ìró náà ń sìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday kan, kí àwọn ọkọ̀ tó pọ̀, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi gbé ọkọ̀ náà jáde sí ọ̀nà Ìbàdàn, ní apá Osíẹ̀lẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti gbòòrò díẹ̀ tó sì tẹ́jú. Èmi ń wakọ̀, òun ń kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ ọmọ wa. A ti kọ́kọ́ tẹ iná ní ìdúró kí a tó kúrò nílé, títí abẹ́rẹ́ aago ẹ́ńjìnnì fi dé 3,000. A kò gbọ́ nǹkan kan ju ohùn ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ. Lójú ọ̀nà, mo gbé eré dé 60, mo sì mú un dúró síbẹ̀. Ìró náà ń kùn geerege. Mo wá tẹ bọ́tìnì kékeré tó wà lára ọ̀pá gíà, èyí tó máa ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ kí ó má lo gíà tó ga jù. Abẹ́rẹ́ ẹ́ńjìnnì fò láti nǹkan bí 1,400 sí nǹkan bí 2,000, bẹ́ẹ̀ eré ọkọ̀ kò kúrò ní 60. Ẹ́ńjìnnì pariwo sí i, ṣùgbọ́n wùùùn tiwa kò gòkè, kò sì sọ̀. Mo tú bọ́tìnì náà sílẹ̀, mo sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bákan náà ni.

Ẹ̀yìn èyí ni mo ti gíà sí ipò òfìfo (N), tí ẹ́ńjìnnì sì rẹlẹ̀ délẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí lọ fúnra rẹ̀. Ìró náà ń bá a lọ, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bí eré ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ojú ọ̀nà tó ṣófo, tó sì tẹ́jú ni a ti lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtókù, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, nítorí pé sítíárìn yóò le gan-an, agbára tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ yóò sì tán lẹ́yìn títẹ̀ díẹ̀. Ohun tí ìwé àjákọ náà sọ fún wa kí a tó jẹun àárọ̀ ni pé owó ₦56,000 tí mo san kò kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rárá.

Nígbà tí a ń bọ̀, bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n gba orí afárá tó kọjá lókè ní Kútọ, kí n sì ṣí fèrèsé sílẹ̀. N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ògiri kọnkéré tó wà létí afárá máa ń dá ohùn padà, bí ìró bá sì ń ti ara ẹsẹ̀ ọkọ̀ wá, etí yóò gbọ́ ọ kedere bí ẹni pé ògiri ló ń kùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. A ti fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nìyẹn, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló kù.

Táyà ni a kọ́kọ́ fura sí. Fọkanáísà tó wà ní àdúgbò wa ló fi ọ̀rọ̀ kan hàn mí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ nọ́ḿbà mẹ́rin kan sí ìparí àwọn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Méjì àkọ́kọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó tẹ̀ lé e sì dúró fún ọdún. Ohun tó wà lára méjì tẹ̀yìn tèmi ni 3118, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 31 ọdún 2018. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà náà lọ, kí n sì tún pa á bọ̀. Nígbà tí mo pa á lọ, ó dán. Nígbà tí mo pa á bọ̀, ó ń gún mi bí eyín ayùn. Irú táyà bẹ́ẹ̀ máa ń kùn lóòótọ́, díẹ̀ ló sì kù kí n ra mẹ́rin lójú ẹsẹ̀. Ohun tó gbà mí ni pé n kò ní owó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, n kò lè sọ pé ọgbọ́n ni.

Dípò bẹ́ẹ̀, a gbé táyà ẹ̀yìn wá síwájú, a sì gbé tiwájú lọ sẹ́yìn. Bí táyà bá jẹ̀bi, ó yẹ kí ẹjọ́ tẹ̀ lé e lọ síbi tó lọ. Nígbà tí mo wà á, mo gbọ́ ohun méjì tí n kò lè yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ohùn gbígbòòrò tó máa ń pọ̀ níbi tí ọ̀dà ti họ, tó sì máa ń pòórá níbi tí ọ̀nà ti dán. Èyí ti táyà nìyẹn, ó sì ti bá táyà lọ síwájú lóòótọ́. Ìkejì ni wùùùn tèmi, tó dúró síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, tí kò sì bìkítà bóyá ọ̀dà họ tàbí kò họ. Mo san ₦4,000 fún ìmọ̀ yẹn, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Alájọṣiṣẹ́ mi kan ló júwe bàbá àgbàlagbà kan fún mi ní apá Àsẹ̀rò, tí wọ́n ní ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Abẹ́ igi máńgòrò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kò sì sí pátákó kankan níwájú rẹ̀. Kò sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó sórí táyà àtijọ́ kan, ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ó máa ń ké tí o bá dúró?” Mo ní rárá, Bàbá. “Tí o bá yí ọwọ́ ọkọ̀ níbi tí o dúró sí ńkọ́?” Mo ní ó ti ké bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìyẹn ti tán láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, èyí sì ṣì wà. Ó mi orí. “Tí o bá ń sáré, tí o wá yà, apá ibo lo yà sí tó fi ń pọ̀ sí i?” Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń sọ pé ó máa ń pọ̀ bí mo bá yí sítíárìn, n kò sì fìgbà kankan kíyè sí apá tí mo ń yí i sí.

Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sẹ́yìn, a sì jáde. Ní ibi tí ọ̀nà ti ṣófo, ó ní kí n mú eré dúró sí 60, kí n rọra tẹ̀ sí òsì bí ẹni tó fẹ́ yẹ kòtò, kí n tún rọra tẹ̀ sí ọ̀tún, láìkúrò ní ojú ọ̀nà tèmi. Bí mo ṣe tẹ̀ sí òsì, ìró náà han gooro. Bí mo ṣe tẹ̀ sí ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá. A ṣe é ní ìgbà mẹ́rin, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá ní, “Iwájú, lọ́tùn-ún.” Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, apá òsì ni etí mi ń gbọ́ ọ.” Ó ní etí mi kò mọ ohun tó ń sọ, pé irin ni gbogbo abẹ́ ọkọ̀, ohùn tó bá wọ ara irin a máa rìnrìn àjò kó tó jáde.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé yíyà sí òsì ni ọ̀tún fi ń ké. Àpẹẹrẹ tó fún mi kò ní í kúrò lọ́kàn mi. Ó ní kí n rántí ìgbà tí mo bá wọ Kórópe, tí awakọ̀ wá fi eré yà sí òsì ní Pańṣẹ́kẹ́: gbogbo èrò ló ń wọ́ lọ sí ọ̀tún, ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ni gbogbo wọn sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ máa ń gbé ẹrù rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọ̀tún bó bá ń yà sí òsì. Bẹ́árìn tó ń ṣàìsàn yóò kérora bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, yóò sì sinmi bí wọ́n bá gbé ẹrù náà kúrò. Tí ó bá jẹ́ òsì ló bàjẹ́, yíyà sí ọ̀tún ni ì bá máa mú un ké.

A padà sí abẹ́ máńgòrò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi òkúta dí àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n fi jáàkì gbé iwájú, wọ́n sì ki irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan. Ọmọ iṣẹ́ kan di táyà ọ̀tún mú lókè àti nísàlẹ̀, ó sì mì ín. Kò mì. Ó dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, kò mì síbẹ̀. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iyèméjì, nítorí pé ohun tí mo ti gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé bẹ́árìn tó bàjẹ́ máa ń jẹ́ kí táyà máa mì. Bàbá ní kí n má dàmú, pé bẹ́árìn tó ti ń mì ti kọjá àìsàn, ó ti ń kú lọ. Èyí tó ń kùn ṣì wà lórí ibùsùn.

Ó ní kí n wá fi ọwọ́ ara mi wò ó. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíríǹgì ńlá tó wà lókè táyà, ó sì ń fi ọwọ́ yí táyà náà kíákíá. Mo mọ̀ ọ́n lára: ìgbọ̀n kékeré kan tó ń rìn káàkiri inú irin, bí ìgbà tí èèyàn bá ń jẹ àmàlà tó ní iyanrìn, tí eyín bá kàn án. A lọ sí apá òsì, a ṣe ohun kan náà. Òsì ń yọ̀ lọ bí epo pupa. Lẹ́yìn èyí ni ó gbé ẹnu sukurudiráfà gígùn kan lé ara irin tó di họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́) mú, ó fi ìdí rẹ̀ sí etí mi, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ yí táyà. Ó dún bí ọlọ. Àyẹ̀wò mẹ́ta ti fẹnu kò sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, a kò sì tíì tú nọ́ọ̀tì kan.

Bàbá bi mí pé, “Ṣé o ti wa ọkọ̀ yìí gba inú omi láìpẹ́?” Mo fẹ́ sọ pé rárá, kí n tó rántí ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn òjò ńlá kan, nígbà tí mo gba ẹ̀bá odò Ògùn ní Láfẹ́ńwá kọjá, tí omi sì bo ìdajì táyà mi. Mo ti wakọ̀ ọ̀nà jíjìn kí n tó dé ibẹ̀, bẹ́árìn sì ti gbóná. Bí irin gbígbóná bá wọ inú omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò sún kì, yóò sì fa omi wọlé gba etí rọ́bà tó yẹ kó dí i. Omi yìí yóò ba gíríìsì jẹ́, ìpẹtà yóò sì mú ojú irin tí àwọn bọ́ọ̀lù inú bẹ́árìn ń sáré lórí rẹ̀. Kò ní í ké lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, oṣù kan lẹ́yìn náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí èèyàn ti gbàgbé omi. N kò lè búra pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà wa tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a bá nínú bẹ́árìn náà gbè sẹ́yìn omi.

Bàbá ní kí n má ra tòkúnbọ̀ bẹ́árìn láé, nítorí pé ẹni tó yọ ọ́ lára ọkọ̀ kan ti fi agbára fà á ya kí ó tó dé igbá. Tuntun ni kí n rà, kí n sì ṣọ́ra fún ayédèrú tó ń jókòó sínú páálí àwọn ará Japan. A rí ojúlówó Koyo kan rà ní ₦22,000, lẹ́yìn tí Bàbá ti yí i létí, tó wo bí wọ́n ṣe tẹ orúkọ sára irin rẹ̀, tó sì kọ méjì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá.

Ibi tí mo rò pé iṣẹ́ ti tán ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ní iwájú irú Corolla yìí, bẹ́árìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi bóòtù dè. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú irin ńlá tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú ni, òrùka irin kan sì sé e mọ́bẹ̀. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ na etí nọ́ọ̀tì ńlá tó wà ní àárín ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ti pá mọ́ ara ṣáàfù kó má bàa tú, kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Wọ́n tú kálípà bíréèkì (irin tó ń fún bíréèkì mọ́ra), wọ́n sì fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ sípíríǹgì, kó má bàa fi rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì rọ̀. Wọ́n tú gbogbo apá irin náà sílẹ̀, a sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ìtẹrin.

Ọmọ iṣẹ́ kan ti mú òòlù ńlá lọ́wọ́ kí Bàbá tó pariwo mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn kan nínú àwọn bẹ́árìn tuntun tó ń padà ké láàárín oṣù mélòó kan, òòlù ló pa wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Bí wọ́n bá ń tẹ bẹ́árìn wọ inú irin, etí òde rẹ̀ ni agbára gbọ́dọ̀ gbà. Bí wọ́n bá ń ti họ́ọ̀bù wọ inú bẹ́árìn, etí inú rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé dúró. Ẹni tó bá fi agbára gba àárín, orí àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké ni agbára náà yóò gbà, wọn yóò sì tẹ ojú irin tó dán náà lẹ́gbò kí ọkọ̀ tó rìn rárá. Ẹ̀rọ ìtẹrin gba ₦5,000, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Kí wọ́n tó kó o padà, Bàbá fọ́ bẹ́árìn àtijọ́ náà fún mi. Gíríìsì tó yẹ kó rí bí òrí ti di omi pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí ògì bàbà. Lórí òrùka inú, ní ibi kan tí kò fẹ̀ ju èékánná ọmọdé lọ, irin ti ṣí bí ojú ọgbẹ́. Táyà tèmi máa ń fi nǹkan bí mítà méjì rìn bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó ń yí ní ìgbà mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí mo bá wà lórí 60, àwọn bọ́ọ̀lù inú bẹ́árìn sì ń gun ojú ọgbẹ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan láìsinmi. Ohun tí mo ń pè ní kíkùn nìyẹn. Ìkọsẹ̀ kéékèèké ni, tó yára ju ohun tí etí lè kà lọ.

Nọ́ọ̀tì tuntun ni wọ́n fi dè é, nítorí pé etí ti àtijọ́ ti ṣẹ́. Agbára tí wọ́n fi ń dì í ju 200 Newton-mítà lọ, sípánà tó ń ka agbára ni Bàbá sì lò. Kò jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ náà kí nọ́ọ̀tì tó le tán, ó ní ìwúwo ọkọ̀ lórí bẹ́árìn tí wọn kò tíì dì dáadáa lè ba tuntun jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Owó iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Ó ní kí n lọ ṣe aláímẹ́ǹtì (títún ẹsẹ̀ ọkọ̀ tò kó lè dúró gún) lọ́jọ́ kejì, torí pé wọ́n ti tú ibi tí ṣọ́kì ti so mọ́ ẹsẹ̀, mo sì ṣe é.

Mo wà á lọ sí Ọ̀dẹ̀dá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì gbà á dé 80. Ohùn táyà àtijọ́ ṣì wà níbi tí ọ̀dà bá ti họ, mo ti fi owó táyà méjì sílẹ̀ de oṣù tó tẹ̀ lé e. Wùùùn náà kò sí mọ́, bóyá mo yà sí òsì tàbí sí ọ̀tún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àkọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe pé mo lọ bá a jà. Ọ́ìlì sítíárìn tún ti dínkù díẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnì kan wá ibi tó ti ń jò, ohun tí kò ṣe lọ́jọ́sí. Mo gbé bẹ́árìn tó fọ́ náà sọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ka ohun tó wà nínú ìwé àjákọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ ò sọ fún mi pé orí eré ni.” Mo ní òótọ́ ni, n kò sọ. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rí páìpù tó ń jò, ó sì fi tuntun dè é láìgba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó béèrè bóyá mo lè fi bẹ́árìn náà sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún un. Ìgbà tí mo tún kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó gbé e sí etí, ó sì ń fi ìka yí i.